Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn íntánẹ́ẹ̀tì tí kò wọlé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú akitiyan lórí èdè wa. Láti Ìbàdàn ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, níbi tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe láti ọdún 2006. Ohun tí mo fẹ́ sọ ti ń dùn mí láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n n kò lè pa á mọ́ra mọ́ láti ìgbà tí màmá kan ti gbé kọ̀ǹpútà wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní ìparí oṣù Okúdù tó kọjá. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni màmá yìí. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni tiwọn. Ọmọ wọn ló rà á fún wọn, òun ni wọ́n sì fi ń rí ojú àwọn ọmọ-ọmọ wọn tó wà lókè òkun. Lọ́jọ́ kan, íntánẹ́ẹ̀tì kò wọlé mọ́. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ládùúgbò, onítọ̀hún yẹ̀ ẹ́ wò fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ní àfi kí òun fọ́máàtì rẹ̀. Wọn kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Wọ́n rò pé bí ìgbà tí ènìyàn bá gbálẹ̀ ilé ni, wọ́n ní kó ṣe é. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e padà délé, àkọsílẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ tí wọ́n ti ń tẹ̀ sínú rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá ti lọ, àwọn àwòrán ọkọ wọn tó ti di olóògbé náà ti lọ, íntánẹ́ẹ̀tì kò sì wọlé síbẹ̀.

Bátìrì kan ló fa gbogbo rẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, bátìrì pẹlẹbẹ kan wà lórí pátákó ńlá inú rẹ̀, tó rí roboto bí owó ẹyọ ayé àtijọ́. CR2032 ni wọ́n ń pè é, fóltì 3 sì ni agbára rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí aago inú kọ̀ǹpútà máa rìn nígbà tí kò bá sí iná lára rẹ̀. Bí bátìrì yìí bá ti kú, ìgbàkígbà tí wọ́n bá ti yọ wáyà kọ̀ǹpútà náà lára iná, tàbí tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, aago rẹ̀ yóò gbàgbé ọjọ́ òní, yóò sì padà sí ọjọ́ kan tó ti pẹ́, èyí tí àwọn tó ṣe é ti kọ mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2012 ni ti Màmá ń kà nígbà tí mo tàn án. Mo rí i kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, nítorí igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ojú kọ̀ǹpútà ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ yìí lè béèrè pé kí ló kan aago nínú ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì. Ó kàn án gan-an ni. Ìkànnì tí àdírẹ́sì rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https, tó sì jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù rí lónìí, ní ìwé-ẹ̀rí kan tó fi ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà wa mọ̀ pé òun gan-an ni òun, kì í ṣe gbájú-ẹ̀ kan ló ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí yìí ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí. Kọ̀ǹpútà tó gbà pé ọdún 2012 la wà yóò yẹ ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lọ́dún yìí wò, yóò rí i pé ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò tíì dé, yóò sì ti ilẹ̀kùn. Chrome, ìyẹn ètò tí a fi ń ṣí ìkànnì, tilẹ̀ máa ń kọ ọ́ gàdàgbà sójú kọ̀ǹpútà pé aago ti wà lẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń kọ ọ́, Màmá sì kà á, ṣùgbọ́n wọ́n rò pé ara ìdààmú íntánẹ́ẹ̀tì náà ni.

Ẹ wá wo bí nǹkan náà ṣe tan ẹni àkọ́kọ́ jẹ. Lẹ́yìn tó fọ́máàtì tán, tó ń fi Windows tuntun, ìyẹn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sí i, ó tún ọjọ́ àti aago ṣe bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe, íntánẹ́ẹ̀tì sì wọlé níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó dá a lójú pé fọ́máàtì ló ṣe é. Ó yọ wáyà iná, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà sẹ́yìn mọ́tò, kí wọ́n sì tó délé aago ti padà sí ọdún 2012. N kò rò pé ó fẹ́ jẹ Màmá níyà; ohun tó ṣe ni pé ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Mo fi míta wọn bátìrì náà, fóltì kan àti díẹ̀ ló kù nínú rẹ̀. Mo fi tuntun sí i, mo tún aago ṣe, mo yọ wáyà iná fún wákàtí kan gbáko kí n tó tún tàn án, aago kò sì yẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni Màmá jókòó sí, tí wọ́n gbé báàgì lé itan. Wọ́n wo bátìrì tí mo yọ sọ́wọ́ yìí, wọ́n ní, “Ṣé ìyẹn nìkan náà ni, ọmọ mi?” N kò rí èsì kankan fún wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, kí gbogbo ẹni tó ní kọ̀ǹpútà nílé gbọ́ èyí: orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Fọ́máàtì ń pa gbogbo ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ ìdí tí íntánẹ́ẹ̀tì kì í fi í wọlé kì í sábà sí nínú ohun tó ń pa rẹ́. Ọ̀nà ni íntánẹ́ẹ̀tì. Ó kúrò nínú kọ̀ǹpútà, ó gba inú wáyà tàbí inú afẹ́fẹ́ dé ọ̀dọ̀ ráútà, ìyẹn àpótí kékeré tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé, ó kúrò níbẹ̀ dé òpó ilé iṣẹ́ tí a ń ra dátà lọ́wọ́ wọn, láti ibẹ̀ ó gba ilẹ̀ dé Èkó, ó sì gba ìsàlẹ̀ òkun kọjá sí ìlú òyìnbó. Bí ọkọ̀ tó gbéra ní Ìbàdàn kò bá dé Èkó lákòókò, a kì í bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀ nígbà tí a kò tíì béèrè bóyá ọ̀nà ló dí. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni láti wá ibi tí ọ̀nà ti já, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní sùúrù lè wá a dé ibi tó pọ̀, yálà ó mọ kọ̀ǹpútà tàbí kò mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè tí mo máa ń bi oníbàárà lórí fóònù, kó tó gbé ohunkóhun kúrò nílé, ni pé ṣé fóònù tó wà nínú ilé yẹn ń rí íntánẹ́ẹ̀tì lára ráútà kan náà. Ìbéèrè yìí rọrùn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń ṣì í dáhùn, nítorí pé bí Wi-Fi kò bá ṣiṣẹ́, fóònù á rọra yí sí dátà tirẹ̀, olówó rẹ̀ á sì máa sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì ń wọlé lórí fóònù òun dáadáa. Ẹ pa dátà fóònù náà pátápátá, kí ẹ ṣẹ́ Wi-Fi nìkan kù, kí ẹ tó dán an wò. Bí fóònù náà kò bá rí nǹkan kan gbà, ẹ fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀, kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Ọ̀dọ̀ ráútà tàbí ibi tó kọjá ráútà ni kí ẹ wò. Bí fóònù bá rí i gbà tí kọ̀ǹpútà kò rí i, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wà láàárín kọ̀ǹpútà àti ráútà. Ìṣẹ́jú méjì tí èyí gbà ti pín ìṣòro náà sí méjì.

Ká mú ti ráútà. Ẹ wò ó bóyá iná wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ ń tàn bó ṣe máa ń tàn. Púpọ̀ nínú àwọn ráútà ilé ń lo ṣájà fóltì 12, iná wa tó ń lọ tó ń bọ̀ sì máa ń pa ṣájà wọ̀nyí díẹ̀díẹ̀: yóò ṣì máa tan iná ráútà, ṣùgbọ́n agbára tó ń gbé jáde kò ní tó mọ́, ráútà yóò wá máa kú, yóò máa jí. Ẹ yọ ọ́ lára iná, ẹ ka ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tó dá a padà. Àwọn kan máa ń fi èyí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní pípa-àti-títàn nìkan ni àwa oníkọ̀ǹpútà mọ̀. Ṣùgbọ́n ráútà náà jẹ́ kọ̀ǹpútà kékeré, ó ń rántí ohun púpọ̀, àwọn ohun tó ń rántí máa ń dàrú mọ́ ọn lójú nígbà mìíràn, ìgbà tó bá sì tún jí ni yóò tún ara rẹ̀ mọ̀ lọ́dọ̀ òpó.

Bí ráútà náà bá ń lo síìmù, ẹ yọ síìmù rẹ̀ sínú fóònù, kí ẹ tẹ *323# láti mọ iye dátà tó kù. Nọ́ńbà kan náà ni gbogbo ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ní Nàìjíríà ń lò fún un báyìí, àjọ NCC, tó ń ṣàkóso àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, ló sọ wọ́n di ọ̀kan lọ́dún 2023. Kí ẹ sì tẹ *996# pẹ̀lú, kí ẹ mọ̀ bóyá NIN wà lára síìmù náà. Ọkùnrin kan gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ wá bá mi lọ́dún 2024 láti Mókólá, ó ní ẹnì kan ti sọ pé káàdì Wi-Fi rẹ̀ ti jó, kó lọ ra òmíràn. Káàdì náà kò jó. Orúkọ ọmọ rẹ̀ tó ti rìnrìn àjò ni wọ́n fi ra síìmù inú ráútà, kò sẹ́ni tó rántí pé síìmù ráútà náà jẹ́ síìmù, wọn kò sì fi NIN sí i. Nígbà tí àjọ NCC wá pàṣẹ pé kí wọ́n ti gbogbo síìmù tí kò bá ní NIN lára títí di ọjọ́ 28 oṣù Èrèlé ọdún náà pa, tiwọn bá a lọ. Iná Wi-Fi ráútà ń tàn, kọ̀ǹpútà ń sọ pé òun ti bá ráútà sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò síbi tí ráútà fúnra rẹ̀ lè lọ.

Bó bá jẹ́ àárín kọ̀ǹpútà àti ráútà ni ọ̀rọ̀ wà, tó sì jẹ́ wáyà ni ẹ fi so wọ́n pọ̀, ẹ wo ibi tí wáyà ti wọ kọ̀ǹpútà. Iná kékeré máa ń wà níbẹ̀ tó ń ṣẹ́jú. Bí kò bá tàn rárá, ẹ fura sí wáyà. Okùn tín-ín-rín mẹ́jọ ló wà nínú wáyà yẹn, eku sì fẹ́ràn rẹ̀. Ahọ́n pílásítíìkì tó ń dì í mú sí ojúhò rẹ̀ tún máa ń kán, wáyà á sì fà sẹ́yìn díẹ̀ láìjẹ́ pé ó bọ́ sílẹ̀, ẹni tó ń wò ó á rò pé ó wà níbẹ̀. Ẹ yá wáyà mìíràn, ẹ dán an wò kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ mìíràn gbọ́. Bó bá jẹ́ Wi-Fi, ẹ wò ó bóyá ẹnì kan kò ti ṣèèṣì tẹ bọ́tìnnì tó ní àwòrán ọkọ̀ òfúrufú lórí kíbọ́ọ̀dù, nítorí pé ìyẹn nìkan tó láti pa Wi-Fi kọ̀ǹpútà alágbèéká. Ẹ gbé e sún mọ́ ráútà pẹ̀lú. Ráútà tuntun sábà máa ń ní ohùn méjì, 2.4 GHz àti 5 GHz. Èkejì yára ju èkínní lọ, ṣùgbọ́n kò lè la ògiri púpọ̀ kọjá, nítorí náà ẹni tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, tí ògiri bíríkì mẹ́ta wà láàárín òun àti ráútà, yóò gbádùn 2.4 jù.

Bí gbogbo èyí bá dára tí íntánẹ́ẹ̀tì kò sì wọlé, ẹ jẹ́ ká bi kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ léèrè. Ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ní àmì Windows, ẹ kọ cmd, kí ẹ tẹ Enter. Ojú dúdú kan yóò yọ, kó má dẹ́rù bà yín. Kò sí ohun tí a fẹ́ kọ síbẹ̀ tó lè ba nǹkan jẹ́. Ẹ kọ ipconfig, ẹ tẹ Enter, kí ẹ wá ìlà tí wọ́n kọ IPv4 Address sí. Nọ́ńbà tó wà níwájú rẹ̀ ni àdírẹ́sì tí ráútà fún kọ̀ǹpútà yín nínú ilé. Nínú ilé tó pọ̀ jù, 192.168 ló máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ 169.254 lẹ rí níbẹ̀, ẹ ti rí nǹkan. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kọ̀ǹpútà béèrè àdírẹ́sì, kò rí ẹni dá a lóhùn, ó wá fún ara rẹ̀ ní ọ̀kan, bí àlejò tó kanlẹ̀kùn títí tí kò sẹ́ni tó ṣí i, tó wá tẹ́ ẹní síta gbangba láti sùn. Wáyà tí kò wọlé dáadáa lè fà á, ráútà tó ti dàrú lè fà á. Ẹ tún ìdí wáyà wò, ẹ pa ráútà kí ẹ tún un tàn, lẹ́yìn náà kí ẹ kọ ipconfig /release, kí ẹ tẹ Enter, kí ẹ tún kọ ipconfig /renew, kí ẹ tẹ Enter.

Nísàlẹ̀ ìlà yẹn, ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ Default Gateway sí. Ráútà ni ìyẹn, òun ni ẹnu ọ̀nà àbájáde ilé yín. Ká ní 192.168.1.1 ló wà níbẹ̀, ẹ kọ ping, ẹ fi àyè kan sílẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà náà, kí ẹ tẹ Enter. Ping dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ké sí ẹnì kan láti òkèèrè láti mọ̀ bóyá ó wà nílé. Bí ráútà bá dáhùn, ìlà mẹ́rin ni ẹ ó rí tí wọ́n kọ Reply sí, a sì ti mọ̀ pé ọ̀nà inú ilé dán mọ́rán. Ẹ tún ké sí 8.8.8.8, ìyẹn ẹ̀rọ Google kan tí gbogbo ayé lè ké sí. Bí ráútà bá dáhùn tí 8.8.8.8 kò dáhùn, ìta ilé ni ọ̀nà ti já, ẹ pe ilé iṣẹ́ tí ẹ ń ra íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wọn. Lóòótọ́, àwọn ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ti pàṣẹ fún pé kí wọ́n má ṣe dáhùn ping, nítorí náà kí ẹ má fi ti ìkànnì kan ṣoṣo ṣèdájọ́.

Èyí tó máa ń ya àwọn oníbàárà mi lẹ́nu jù ni ìgbà tí 8.8.8.8 bá dáhùn kíá, síbẹ̀ tí kò sí ìkànnì kankan tó ṣí. Ẹni tó bá ti wá ilé kiri ní àárín ìgboro Ìbàdàn rí yóò tètè lóye rẹ̀. Orúkọ agbo-ilé lẹ mọ̀, ẹ kò mọ ojúlé. Ẹ dé oríta, ẹ bi àgbàlagbà tó jókòó sí iwájú ilé, wọ́n nawọ́ sí i fún yín. Bí àgbàlagbà yẹn bá ti wọlé lọ sùn, agbo-ilé náà ṣì wà níbi tó wà, ẹ̀yin ni ẹ kò mọ ibi tí ẹ ó yà sí. Bẹ́ẹ̀ ni DNS rí. Àwa mọ orúkọ ìkànnì, kọ̀ǹpútà ń fẹ́ nọ́ńbà, DNS ló ń sọ orúkọ di nọ́ńbà fún un. DNS ilé iṣẹ́ tí a ń ra dátà lọ́wọ́ wọn lè dákẹ́ nígbà tí gbogbo ọ̀nà ṣì là. Ohun tí ẹ ó ṣe ni pé kí ẹ lọ sí ibi tí Windows ti ń tọ́jú ètò nẹ́tíwọ̀kì, kí ẹ kọ 8.8.8.8 tàbí 1.1.1.1 sí ààyè DNS, kí ẹ padà sí ojú dúdú yẹn, kí ẹ kọ ipconfig /flushdns kó lè gbàgbé àwọn ìdáhùn àtijọ́ tó ń rántí. Mo ti rí kọ̀ǹpútà mẹ́ta tí wọ́n fọ́máàtì nítorí èyí nìkan.

Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé kò sí ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe nínú ilé. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2024, wáyà ńlá mẹ́rin tó gba ìsàlẹ̀ òkun kọjá, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire. Íntánẹ́ẹ̀tì dákẹ́ tàbí kó máa wọ́ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, títí kan àwọn báńkì wa níhìn-ín. Lọ́jọ́ náà àti ọjọ́ kejì rẹ̀, àwọn ènìyàn ń gbé kọ̀ǹpútà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo ń dá wọn padà sílé, mo ní kí wọ́n lọ sinmi. Àwọn mìíràn kò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n ti sanwó níbòmíràn, wọ́n ti fọ́máàtì, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ní Abidjan ni wáyà ti já. Ẹ béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ló ni ẹ̀bi, ẹ pè wọ́n lórí 300. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn bó ṣe yẹ, 622 ni nọ́ńbà tí a fi ń fi ẹjọ́ wọn sun àjọ NCC, wọn kì í sì í gba owó ìpè.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀, nítorí òun ló máa ń parí àríyànjiyàn lójú mi. Ẹ fi okùn tí ẹ fi ń gba iná sínú fóònù so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ tan dátà fóònù, kí ẹ wọ inú ètò rẹ̀, kí ẹ tan ohun tí wọ́n kọ USB tethering sí. Kọ̀ǹpútà yóò máa lo dátà fóònù náà láti inú okùn. Bí àwọn ìkànnì bá ṣí, kọ̀ǹpútà yín ti jẹ́rìí fún ara rẹ̀: Windows inú rẹ̀ mọ íntánẹ́ẹ̀tì lò, ibi tí Wi-Fi tàbí wáyà ti ń wọlé ni kí a lọ wò. Ẹni tó bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun fọ́máàtì rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti rí èyí, ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín kúrò níwájú rẹ̀. Ìgbésẹ̀ tó le jù lọ tí mo máa ń gbé lórí ètò nẹ́tíwọ̀kì Windows ni èyí tí wọ́n kọ Network reset sí, tí ń tún gbogbo ètò nẹ́tíwọ̀kì tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó máa ń gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà Wi-Fi, nítorí náà ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ tó ṣe é, ṣùgbọ́n kò ní fọwọ́ kan àwòrán tàbí ìwé yín kankan.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo mọ ohun tí ojú ń rí. Oníbàárà dúró lé wa lórí, iná fẹ́ lọ, fọ́máàtì sì jẹ́ ohun tí a lè tọ́ka sí pé a ṣe, kí a gba owó lé e lórí, nígbà tí ó máa ń ṣòro láti gba owó lọ́wọ́ ẹni tí a kàn tún aago ṣe fún. Ṣùgbọ́n owó ìmọ̀ ni kí a máa gbà. Mo máa ń gba owó àyẹ̀wò, mo máa ń kọ ohun tí mo rí sínú ìwé fún oníbàárà, mo sì ti pinnu láti ọdún pípẹ́ pé n kò ní pa díìsìkì ẹnikẹ́ni rẹ́ láìjẹ́ pé mo ti da ohun inú rẹ̀ kọ síbòmíràn, tí oníbàárà sì fi ojú ara rẹ̀ rí i níbẹ̀. Bí kòkòrò kọ̀ǹpútà, ìyẹn fáírọ́ọ̀sì, bá ti jẹ Windows kọjá àtúnṣe, fọ́máàtì lè di dandan. Kò burú, ṣùgbọ́n kí olóhun mọ ohun tó fẹ́ pàdánù kó tó bu ọwọ́ lù ú.

Ohun tí mo ń bẹ̀ lọ́wọ́ yín, Olóòtú, ni pé kí ẹ tẹ ọ̀rọ̀ yìí sí ibi tí ènìyàn ti lè gé e kúrò, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìmọ̀ràn nípa rẹ̀ pọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ ni ènìyàn ń wá ìmọ̀ràn náà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ ọ́, tí àwọn òbí wa tó ń lo kọ̀ǹpútà láti rí ọmọ wọn wá ń gbára lé ẹnikẹ́ni tó bá kọ́kọ́ sọ pé òun mọ̀ ọ́n.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo lò lórí díìsìkì Màmá lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, n kò sì gba owó rẹ̀. Mo rí àwòrán díẹ̀ gbà padà, títí kan ọ̀kan tí ọkọ wọn ti jókòó sí iwájú ilé pẹ̀lú fìlà abetí-ajá, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ náà kò ṣeé gbà padà, nítorí pé Windows tuntun ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n ti kó àwọn ìwé àjákọ wọn àtijọ́ jáde láti abẹ́ ibùsùn, wọ́n ń tún un tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo kí wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ti dé iṣẹ́ JSS 2, taàmù kejì.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Atúnkọ̀ǹpútàṣe kan,
Ìbàdàn.